Àwòdì Ojú Ọjà Máìlì 12: Bí Àkọsílẹ̀ Àwọn Aṣọ́ẹyẹ Ṣe Di Ohun Tó Ṣeé Gbára Lé

Àwòdì kì í wọ́n lójú ọ̀run ọjà Máìlì 12. Ṣùgbọ́n bí ará Magodo kan bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí mẹ́wàá níbẹ̀, kí ni yóò mú kí onímọ̀ ẹyẹ gbà á gbọ́? Ìbéèrè yìí ti ń bá àwọn aṣọ́ẹyẹ tí kì í gbowó iṣẹ́ yí láti ọjọ́ pípẹ́.

Lọ́dún 1900, onímọ̀ ẹyẹ Frank Chapman rọ àwọn ará Amẹ́ríkà pé kí wọ́n máa ka ẹyẹ lọ́jọ́ Kérésìmesì dípò kí wọ́n máa yìnbọn pa á. Èèyàn 27 ló dá a lóhùn. Ní Nàìjíríà, ọdún 1964 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹyẹ sílẹ̀. John Elgood ti Yunifásítì Ìbàdàn sì kó ohun tí àwọn aṣọ́ẹyẹ rí jọ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1982. Àléébù irú àkọsílẹ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ohun tí èèyàn rí ló máa ń sọ. Bó ṣe pẹ́ tó lẹ́nu wíwò kì í sábà sí níbẹ̀.

Gúúsù Áfíríkà ló la ọ̀nà tuntun lọ́dún 2007. Lọ́dún 2015, ibùdó ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis ní Jos mú un wá sí Nàìjíríà. Wọ́n pín ilẹ̀ sí àpótí-àpótí, tí òró àti ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kìlómítà 9. Magodo, Kétu àti Máìlì 12 bọ́ sínú ẹyọ kan. Aṣọ́ẹyẹ gbọ́dọ̀ fi wákàtí 2, ó kéré tán, wo inú àpótí náà káàkiri, kó máa tẹ orúkọ ẹyẹ sórí fóònù bó ṣe ń rí wọn tẹ̀ léra. Wákàtí wọ̀nyẹn ló sọ ẹyẹ tí a kò rí di ẹ̀rí: bí igún bá wà nínú àkọsílẹ̀ 1 péré nínú 10, a mọ̀ pé igún ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Àṣìmọ̀ ṣì wà. Àgógó àgbà àwòdì tiwa pupa bí ìyeyè. Ti àlejò tó ń ti Yúróòpù wá lẹ́ẹ̀rùn dúdú. Àmọ́ àgógó ọmọ àwòdì tiwa náà dúdú, ó sì lè tan ògbólógbòó aṣọ́ẹyẹ pàápàá. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùyẹ̀wò fi máa ń dá ẹyẹ tó bá ṣàjèjì sí àdúgbò padà, tí wọ́n á béèrè fọ́tò tàbí àlàyé.

Èyí tí olùyẹ̀wò kò lè tún ṣe ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò dé. Ìtòsí ilé àti ojú títì làwọn èèyàn máa ń lọ jù, igbó jíjìn a sì ṣófo lórí máàpù, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ní ti ará Magodo wa, kó kọ aago tó dé ọjà àti aago tó kúrò níbẹ̀, kó sì fo àwòdì tí kò bá ti rí àgógó rẹ̀ dáadáa.