Awólọ́wọ̀ Òǹkọ̀wé àti Àwọn Òǹkàwé Ẹkùn Ìkẹjà

Iṣẹ́ pọ̀ lórí Awólọ́wọ̀ olóṣèlú. Awólọ́wọ̀ òǹkọ̀wé ni ó jẹ wá lógún níhìn-ín. Ìmọ̀ ìṣòwò ni ó kọ́kọ́ gboyè nínú rẹ̀ ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, kí ó tó kọ́ òfin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ Path to Nigerian Freedom ní 1947. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ì bá lè kà á ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndò.

Abẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ẹkùn Ìkẹjà wà títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Nítorí náà, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti oṣù kìn-ín-ní 1955 kan àwọn ọmọ ibẹ̀. Ọ̀fẹ́ kọ́ fún àwọn òbí ṣá o: owó-orí àkànṣe tí ìjọba kọ́kọ́ bù lé wọn bí wọn nínú, ó sì wà lára ohun tí ẹgbẹ́ Action Group fi fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò àpapọ̀ ti 1954.

Nígbà tí The People's Republic, tí ó gbèjà ètò ọrọ̀-ajé ti sóṣíálíìsì, jáde ní 1968, Awólọ́wọ̀ ni Kọmíṣánnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìṣúná. Ọmọ ọdún mẹ́fà ti 1955 sì ti pé ọmọ ọdún 19. Ní èrò tiwa, nínú àwọn wọ̀nyí ni òǹkàwé tí ìwé 1947 kò ní ti jáde, ṣùgbọ́n kìkì àwọn tí ó kàwé kọjá ìwé mẹ́fà ni, nítorí Gẹ̀ẹ́sì náà ni ó tún fi bá wọn sọ̀rọ̀.