Ẹ̀dà Lórí Ẹ̀dà: Ìtàn Dída Orin Kọ Láti Orí Àwo ní Dùgbẹ̀ àti Agbowó, Ìlú Ìbàdàn

Ní ọdún 1971 ni Harúnà Ìṣọ̀lá, àgbà olórin àpàlà láti Ìjẹ̀bú-Igbó, gbé àwo Oroki Social Club jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Decca. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá orin náà ní Ìbàdàn lónìí yóò rí i láìjanpata, ṣùgbọ́n ohun tí yóò rí kì í sábà jẹ́ àwo. Fáìlì kékeré kan ni, nínú fóònù tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ènìyàn bá tọ ipasẹ̀ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn, yóò sábà kan CD tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ orin jọ sí. Lẹ́yìn CD, kásẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì ni àwo gan-an tó wà nídìí ọ̀rọ̀. Ẹ̀dà ẹ̀dà ẹ̀dà ni ohùn tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ń gbé ka orí òṣùwọ̀n. Àwọn tó ṣe ẹ̀dà wọ̀nyí kì í fara hàn nínú ìtàn orin Yorùbá, àfi ìgbà tí wọ́n bá ń pè wọ́n ní olè. Olè ni wọ́n lójú òfin, ìyẹn kò ní iyàn jíjà nínú. Síbẹ̀, àwọn kan náà ni wọ́n tọ́jú ohun tí àwọn tó ni ín kò tọ́jú. Ìtàn tí kò bá gba ọ̀rọ̀ méjèèjì mọ́ra yóò ṣi ònkàwé lọ́nà.

Ìbàdàn tuntun, ìyẹn apá ìlú tó gbèrú láti Dùgbẹ̀ dé Ring Road àti Challenge, àti láti Bódìjà dé Agbowó, jẹ́ ibi tí etí ti tètè là sí ohùn ẹ̀rọ. Yunifásítì ti wà níbẹ̀ láti 1948. Ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959 ni tẹlifíṣọ̀n Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú náà, àkọ́kọ́ ní apá ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, rédíò ìjọba náà sì ń ba a rìn. Ilé-iṣẹ́ Rédíò Nàìjíríà wà ní Dùgbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ Cocoa House sí, tí iṣẹ́ parí lórí rẹ̀ ní 1965. Òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ àti oníṣòwò kòkó tó ń gba ibẹ̀ kọjá lówó lọ́wọ́ tó láti ra giramafóònù, àwọn tí kò sì ní in ń gbọ́ ti ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Gígùn àwo ní ipa nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí wọ́n ṣe máa ń kà á sí lọ. Àwo àtijọ́ tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lójú kan. LP, tó ń yí ní ìgbà 33⅓, gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lójú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí LP dé ni olórin àpàlà, sákárà, jùjú àti fújì wá ní àyè láti ki oríkì ènìyàn dé gbòǹgbò, kí ó ti ọ̀dọ̀ ẹnìkan bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn láìdúró. Bí ojú A bá bẹ̀rẹ̀, orin kan ṣoṣo lè gbà á títí dé òpin. Èyí ni ó jẹ́ kí àwo Yorùbá rọrùn láti dà kọ sórí téèpù: kò sí gígé, kò sí yíyàn, ojú kan kún ojú kan.

Ilé-iṣẹ́ Philips ló gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963. Ohun tó sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn ní Nàìjíríà ni owó epo rọ̀bì àti àjẹmọ́nú Udoji tí ìjọba san fún òṣìṣẹ́ ní nǹkan bí 1975. Ọ̀pọ̀ nínú owó náà lọ sórí rédíò, ẹ̀rọ téèpù àti alùpùpù. Kò pẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù adàkọ-orin fi di ohun tí ojú mọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Dùgbẹ̀, ní Gbági àtijọ́, àti ní àwọn ibùdókọ̀. Ohun èlò wọn kò pọ̀: giramafóònù kan, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan tàbí méjì, wáyà tó so wọ́n pọ̀, àti àwo tí wọ́n tò sára ògiri kí oníbàárà lè tọ́ka sí èyí tó wù ú. Téèpù oníwákàtí kan ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kan, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀ lẹ́yìn ojú LP. Àyè tó ṣẹ́kù yẹn ni adàkọ-orin fi ń ṣe ọ̀gá: á fi orin mìíràn tó rò pé ó bá a mu dí i. Lẹ́yìn náà ni yóò fi bíírò kọ orúkọ olórin sára páálí, nígbà mìíràn ní àkọtọ́ tirẹ̀.

Àwọn olórin kò fi ojú rere wò ó, wọn kò sì jẹ̀bi. Harúnà Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀ ti bá I.K. Dairo dá Star Records sílẹ̀ ní 1969 kí èrè iṣẹ́ wọn lè máa bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ó sì kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979. Kí ènìyàn ná irú owó bẹ́ẹ̀ tán, kí ọmọdé kan tó ní wáyà àti téèpù wá máa ta iṣẹ́ náà ní ìta, ó tó ohun tí inú fi ń bí ni. Òfin tó wà nílẹ̀ nígbà náà, ti 1970, kò ní eyín. Òfin kẹtàdínláàádọ́ta ti 1988 ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀ṣẹ̀ tó nípọn, àjọ tó ń bójú tó o sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1989. Ṣùgbọ́n ètò SAP ti 1986 ti já náírà lulẹ̀, ohun èlò tí wọ́n fi ń tẹ àwo sì ti di ọ̀wọ́n gógó. Nígbà tí ó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, LP ti ń kógbá wọlé, kásẹ́ẹ̀tì sì ti di ojúlówó àti ayédèrú papọ̀. Orin Bitter Experience tí Yínká Ayéfẹ́lẹ́ gbé jáde ní Ìbàdàn ní 1998 kò mọ ayé LP rárá. Olórin yẹn kan náà ló wá dá ilé-iṣẹ́ rédíò tirẹ̀ sílẹ̀ ní Challenge ní 2015.

Kí ni dídà kọ ń ṣe sí ohùn? Ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní dídúró lé, nítorí pé ó kan ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ èdè ìlù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá da téèpù kọ sórí téèpù ni ariwo ṣáá-ṣáá bí òjò wẹ́wẹ́ ń lé sí i, tí ohùn tó rí tínrín lókè sì ń parẹ́. Nínú àpàlà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ló kọ́kọ́ ń lọ. Agídìgbo ń dún kù-ù lábẹ́, ṣùgbọ́n ìta rẹ̀, níbi tí ìka ti kan irin, ń di kúdùrù. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ kò tètè bàjẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí agbede méjì ni ohùn rẹ̀ wà, níbi tí téèpù ti lágbára jù. Pàápàá, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ Yorùbá kò dúró lórí ìwọ̀n kan pàtó. Bí wọ́n ṣe jìnnà síra ló ń fún wọn ní ìtumọ̀. Bí bátìrì bá ń kú lọ tí téèpù sì ń falẹ̀, gbogbo ohùn jọ ń wálẹ̀ ni, òwe tí ìlù ń pa á sì ṣì yéni. Nítorí náà ẹ̀dà burúkú lè tó fún ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀. Kò lè tó fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ẹgbẹ́ olórin ṣe ń lù pọ̀, ta ni ó ń gbe ta ni, ibo ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti yí padà. Iṣẹ́ tó bá sọ̀rọ̀ lórí ìlù àkọ́bẹ̀rẹ̀ àpàlà láti inú fáìlì fóònù nìkan, orí iyanrìn ló kọ́lé sí.

Agbowó ni ìpele tó kàn. Ìdojúkọ ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni àdúgbò náà wà, ilé ìtajà rẹ̀ ńlá sì kún fún àwọn tó ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá, tí wọ́n ń ṣe fótókópì, tí wọ́n sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹ̀rọ tó ń kọ CD bá iṣẹ́ yìí mu rẹ́gí. CD kan gba MB 700. Bí orin bá wà ní MP3 ìwọ̀n kbps 128, nǹkan bí wákàtí 12 ni yóò gbà, ìyẹn LP oníṣẹ́jú 40 bí 18. Gbogbo iṣẹ́ ayé olórin kan lè wọ inú CD kan. Èrè ńlá ni èyí fún ẹni tó kàn fẹ́ gbọ́ orin, ibẹ̀ gan-an sì ni àdánù tó ga jù lọ ti ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ti ohùn. Ẹ̀yìn páálí LP ni wọ́n ń kọ orúkọ ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà àwo, ọdún, nígbà mìíràn orúkọ àwọn onílù àti elégbè. Kásẹ́ẹ̀tì ti gé ìwọ̀nyí kù. MP3 gbé wọn jù nù pátápátá. “Track 01” ni ó kù. Onílù tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn páálí nìkan ti di aláìlórúkọ, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè dá a padà.

Lákòókò kan náà, ní ilẹ̀ Japan, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìṣòro tó yàtọ̀ ń gbilẹ̀. Sony àti Philips gbé SACD jáde ní 1999, àwo tó ń wo ohùn ní ìgbà 2,822,400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, níbi tí CD ti ń wò ó ní ìgbà 44,100. Wọ́n fi àgádágodo dè é: kọ̀ǹpútà kò lè kà á, inú ẹ̀rọ tó ń lù ú nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹni tó ra àwo kò ra ohùn. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni àwọn kan rí i pé PlayStation 3 ti ìbẹ̀rẹ̀, tó jáde ní 2006, lè kà á, àti lẹ́yìn náà pé àwọn ẹ̀rọ Blu-ray kan lè ṣe é pẹ̀lú. Wọn yóò ki fíláàṣì tí ètò kékeré wà nínú rẹ̀ bọ ẹ̀rọ náà, kọ̀ǹpútà yóò sì gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé bèèrè ohun tó wà lórí àwo, ẹ̀rọ Blu-ray yóò ṣí i fún un. Oppo, tí àwọn olùfẹ́ orin ń wá ẹ̀rọ rẹ̀ kiri fún iṣẹ́ yìí, kéde ní 2018 pé òun kò ní ṣe irú rẹ̀ mọ́. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ń tán lọ, àwo tó sàn jù lọ nínú ìtàn orin lè di odi.

Ní Ìbàdàn, VCD àti DVD ló gba ọjà. Blu-ray kò rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Ṣùgbọ́n fífi ìtàn méjèèjì wé ara wọn fi ohun kan hàn nípa LP. Àwo rọ́bà Decca ti 1971 kò ní kọ́kọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ àti ohun tó ń yí nìkan ni ó bèèrè, ẹ̀rọ wọ̀nyí sì ṣeé ṣe ní ibikíbi. Lọ́nà yìí, àwo tó ti hó lára tó wà lábẹ́ ibùsùn ní Ring Road ní ìrètí tó pọ̀ ju SACD tó ń dán lọ. Ìlànà àjọ IASA fún ilé ìpamọ́ ohùn dámọ̀ràn kHz 96 àti bit 24. LP oníṣẹ́jú 40 kan yóò gba nǹkan bí GB 1.4. Kò pọ̀ mọ́ lónìí.

Ohun tó ṣòro ni ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi ṣe é, àti àṣẹ tí yóò fi ṣe é. Ní Guinea, Graeme Counsel da orin tó ju 9,000 kọ láti inú téèpù rédíò ìjọba ní Conakry láàárín 2008 àti 2013. Ibẹ̀, ìjọba ló ti ṣe olórí agbohùnsílẹ̀, ohun tó wà níbì kan ṣeé rí. Orin Yorùbá wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni tó pọ̀, tí òmíràn ti wọlé tí òmíràn ti yí orúkọ padà. Ọjà ló wá di ilé ìpamọ́. Nígbà tí Brian Larkin kọ̀wé lórí Kánò ní 2004, ó ṣàlàyé pé àdàkọ àìtọ́ ló gbé fídíò Nàìjíríà rìn, ó sì fi àbùkù tirẹ̀ sára àwòrán àti ohùn. Ọ̀rọ̀ náà bá Dùgbẹ̀ mu, àfi pé Larkin ń wo bí ọjà tuntun ṣe ń rìn. Ti Ìbàdàn kan ohun àtijọ́ tó ń kú lọ.

Lójú òfin, ọdún 50 ni ẹ̀tọ́ lórí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ń gbé. Ti Oroki Social Club parí pẹ̀lú ọdún 2021. Ṣùgbọ́n orin inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ohùn orí rẹ̀: ẹ̀tọ́ olórin ń gbé ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀, Harúnà Ìṣọ̀lá sì kú ní 1983, nítorí náà ó di ìparí 2053. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní Oṣù Kẹta 2023, ka ṣíṣí àgádágodo ẹ̀rọ léèwọ̀, ó sì fún ilé ìkàwé àti ilé ìpamọ́ ní àyè láti da iṣẹ́ kọ kí ó má baà parun. Ilé Ìkàwé Kenneth Dike nínú yunifásítì wà lábẹ́ àyè yìí. Ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìdojúkọ ẹnu ọ̀nà, lódì kejì títì ní Agbowó, kò sí lábẹ́ rẹ̀.