Òru Ni À Ń Gbé Ọmọ Ọlọ́mọ Fún Àgbébọ̀

Ní àwọn abúlé orí omi tó wà láàárín Igbókòdá àti Ayétòrò, adìẹ ìbílẹ̀ kì í ṣe ẹran ọbẹ̀ nìkan. Òun ló ń pa ẹyin, òun náà ló ń mú ọmọ móoru, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni iná mànàmáná fi jẹ́ ohun tí à ń fẹnu lásán dárúkọ ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí ẹyin bá di òbu lábẹ́ àgbébọ̀, a lè ra òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan fún un kó fi ṣe ọmọ. Ohun tó sì máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni pé a kò mọ àsìkò rẹ̀. Ilé tí a ó tẹ̀lé yìí kì í ṣe ilé ẹnì kan pàtó. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nínú ilé pákó tó dúró lórí òpó ni a tò ní wákàtí-wákàtí, láti ìdájí kan dé ìdájí kejì.

Aago 5, ìdájí

Inú agbọ̀n ògbólógbòó kan lẹ́yìn ààrò ni àgbébọ̀ náà wà. Àná ni ọjọ́ kọkànlélógún tó ti ń sàba pé. Nínú ẹyin mọ́kànlá, ọmọ méjì péré ló jáde. Ìyá aládìẹ gbé àwọn tó kù sétí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mì wọ́n, omi ń ró nínú wọn. Ó kó mẹ́fà tó ti ń rùn dànù, ó fi mẹ́ta sílẹ̀ kí abẹ́ adìẹ má bàa ṣófo, kó má lọ rò pé iṣẹ́ ti parí.

Adìẹ náà ti fúyẹ́. Láti ìgbà tó ti ń sàba, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló ń dìde, fún bí ogún ìṣẹ́jú, láti jẹun, láti mu omi, láti yàgbẹ́. Ìyẹ́ ikùn rẹ̀ ti re kí awọ ara rẹ̀ gan-an lè kan ẹyin. Ohun kan tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní prolactin, ni kò jẹ́ kó kúrò lójú kan. Bí òwe ti wí, adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Aago 7, àárọ̀

Ìyá aládìẹ wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lọ sí Igbókòdá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló fi ṣọ́ ilé.

“Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan adìẹ yẹn o.”

“Ó dáa, Ìyá.”

Aago 9, ọjà Igbókòdá

Páálí tó ń gba àádọ́ta ni wọ́n máa ń kó òròmọdìẹ sí. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti pa á, kò rí ìyá rí. Ìyá tó yé ẹyin rẹ̀ pàápàá kò mọ bí a ti ń sàba, bó bá jẹ́ ti ìran adìẹ ẹlẹ́yin òde òní: àwọn tó ń sin wọ́n ti yọ ìwà yẹn kúrò nínú ìran náà, torí adìẹ tó bá ń sàba kì í yé.

“O kú ọjà o, ọmọ mi. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n?”

“Àná ni wọ́n jáde, Màmá. Òru ni mọ́tò kó wọn dé.”

“Ti inú páálí kejì yìí ńkọ́?”

“Ìyẹn ti lo ọjọ́ márùn-ún lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti gbó díẹ̀, owó kan náà sì ni mo máa gbà.”

“Fi ìyẹn sílẹ̀.”

Ọlọ́jọ́ márùn-ún lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní gba ìyá mọ́. Ní 1873, Douglas Spalding, ará Bìrìtéènì, kọ nípa òròmọdìẹ tó fi aṣọ bò lójú láti kékeré. Ó ní àwọn tó wà ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta máa ń tọ ohunkóhun tó bá ń rìn lẹ́yìn, ìbáà ṣe ènìyàn. Àwọn mẹ́ta tí kò ṣí lójú títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n pé ọjọ́ mẹ́rin sá fún un pẹ̀lú ìpayà. Ní 1935, Konrad Lorenz tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lára àwọn ọmọ gúùsì, ó sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973. Àgbébọ̀ lè fẹ́ ọmọ, kí ọmọ má fẹ́ ẹ.

Mẹ́wàá ni ìyá aládìẹ ṣà: èyí tí ìdodo rẹ̀ gbẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró ṣinṣin. Pẹ̀lú méjì tó wà nílé, ó di méjìlá, iye tí apá adìẹ ìbílẹ̀ lè bò.

Aago 12, ọ̀sán

Lójú omi, ó fi ara rẹ̀ ṣíji bo páálí. Ebi kò tíì pa àwọn ọmọ náà. Kí òròmọdìẹ tó jáde, pupa ẹyin tó ṣẹ́ kù máa ń wọ inú ikùn rẹ̀, ó sì lè fi í gbé bí ọjọ́ méjì. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi lè gbé e láti ìlú dé ìlú láì fún un ní oúnjẹ.

Aago 2, ọ̀sán

Ọmọ-ọmọ fẹ́ kó wọn sínú agbọ̀n lójú ẹsẹ̀. Ìyá aládìẹ kọ̀. Lójú ọ̀sán, adìẹ á rí àwọ̀ tó ṣàjèjì, á sì fi ẹnu ṣá a lórí. Ó gbé páálí sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, níbi tí adìẹ ti lè gbọ́ ohùn wọn láì rí wọn, ó sì ti ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ omi kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n mu.

Aago 4, ìrọ̀lẹ́

Adìẹ kan ń ké tantan lórí afárá pákó nílé kejì. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀. Dípò ọjọ́ mọ́kànlélógún, bí ọjọ́ márùndínlógójì ló fi sàba. Àwọn ọmọ ti bọ́ sómi, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, ìyá sì ń sáré síwá sẹ́yìn lórí pákó. Nígbà tó yá, wọ́n gòkè, wọ́n sì tò tẹ̀lé e. Ẹni tí wọ́n bá lójú ayé ni wọ́n mọ̀ ní ìyá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́.

Òròmọdìẹ kò mọ̀wẹ̀. Nítorí náà ni ìyá aládìẹ ṣe tẹ́ àwọ̀n ẹja ògbólógbòó sórí àlàfo pákó, ó sì na òmíràn sókè nítorí àwòdì. Ó da yanrìn sínú àpótí kan, torí lórí omi kò sí ilẹ̀ tí adìẹ á fẹsẹ̀ wa, iwe adìẹ kò sì lè lọ oúnjẹ dáadáa láìsí òkúta wẹ́wẹ́.

Aago 8, alẹ́

Ilẹ̀ ti ṣú pátápátá. Kò tan tọ́ọ̀ṣì. Ó gbé fìtílà sí yàrá kejì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì yá iná kí ó má bàa tutù, ó ti ọwọ́ wọ abẹ́ àgbébọ̀ láti ẹ̀yìn, ó mú òbu kan jáde, ó fi òròmọdìẹ kan sí ipò rẹ̀. Ó dúró. Adìẹ náà kùn díẹ̀, ó ṣí apá. Ó fi ìkejì sí i, ó tún dúró. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fi wọlé.

Aago 11, òru

Ó tẹ́tí. Òròmọdìẹ tí òtútù ń mú máa ń ké kíkankíkan láì dákẹ́. Èyí tí ara tù máa ń kùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò gbọ́ igbe kankan. Ara adìẹ gbóná tó bí ìwọ̀n 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òròmọdìẹ sì nílò bí 35 ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Fìtílà lè mú ooru yẹn wá, ṣùgbọ́n yóò jẹ kẹrosíìnì mọ́jú, nínú ilé tí ògiri àti ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó.

Aago 5 ààbọ̀, ìdájí kejì

Ìdánwò gan-an nìyí. Kí ojú tó mọ́, ìyá aládìẹ ti jókòó ti agbọ̀n. Bí adìẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń pe ọmọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ti gbà wọ́n. Bó bá nàró, tó ń ṣá ọmọ lórí léraléra, ẹ tètè yọ ọmọ náà kí ẹ̀jẹ̀ tó jáde. Mẹ́sàn-án yọ orí láti abẹ́ apá, kò sí wàhálà. Ìkẹwàá, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ju ti ìyókù lọ, jẹ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá aládìẹ mú un padà sínú páálí títí di alẹ́.

Ó fọ́n àgbàdo lílọ̀ àti ẹ̀rún ẹja gbígbẹ sílẹ̀. Àgbébọ̀ fi ẹnu gbé e, ó jù ú sílẹ̀, ó ń pè. Ọmọ tirẹ̀ àti ti páálí jọ sáré wá, kò sì lé ìkankan.

Ìyá ti rí ọmọ. Ó ku àrùn lúkúlúkú, tó lè pa gbogbo wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Oògùn àjẹsára I-2, tí ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ní Vom, Ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe, fara da ooru ju ọ̀pọ̀ èyí tó kù lọ, ó sì rọrùn fún ibi tí kò ní iná; ẹ̀kán kan lójú adìẹ ti tó nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran kí òròmọdìẹ tó dé ilé yín. Ẹ má ra ju iye tí apá ìyá lè bò, ẹ má ra èyí tó ti ju ọjọ́ méjì lọ, ẹ má sì gbé ọmọ ọlọ́mọ fún àgbébọ̀ lójú ọ̀sán.