Ọṣẹ Àbùwẹ̀: Láti Inú Ewé Dé Inú Ike

Orúkọ méjì ni ọṣẹ yìí ń jẹ́ lẹ́nu Yorùbá. Ẹni tó wo àwọ̀ rẹ̀ pè é ní ọṣẹ dúdú; ẹni tó wo bí a ti ń lò ó pè é ní ọṣẹ àbùwẹ̀. Orúkọ kejì yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ó sọ bí nǹkan ti rí. A kì í di odidi rẹ̀ mú wọ balùwẹ̀. Ìwọ̀nba tó tó wẹ̀ ni à ń bù, a ó fi kànìnkànìn gbo ó, ìyókù a sì wà nínú igbá de ọjọ́ mìíràn.

Ní Akobo, ní Ìbàdàn, lónìí, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń po ọṣẹ kan náà nínú ilé. Wọ́n ń rọ ọ́ sínú ike onídèérí, wọ́n ń lẹ ìwé tó ní "ọ́gáníìkì" mọ́ ọn lára, wọ́n sì ń polówó rẹ̀ lórí fóònù. Oníbàárà fẹ́ ohun tí a fọwọ́ ṣe, tí kò ní kẹ́míkà nínú. Bí ọṣẹ náà ṣe kúrò nínú igbá ìyá àgbà tó fi dé inú ike yẹn ni mo fẹ́ tọpa rẹ̀.

Ọ̀rá àti omi eérú ni ọṣẹ. Ohun kẹta kò pọn dandan. Àwọn obìnrin ló ni iṣẹ́ náà. Wọn ó kó ìdì ẹyìn tí a ti ré ẹyìn kúrò lára rẹ̀, tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, tàbí èèpo kòkó, wọn ó sá a títí yóò fi gbẹ, wọn ó sì sun ún di eérú. Inú àjèrè, ìkòkò tó ní ihò nídìí, ni eérú náà ń lọ. Wọn ó da omi lé e lórí, omi náà yóò sì máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ bíi ti tíì. Àwọn aláró náà mọ ọgbọ́n yìí dáadáa, nítorí omi eérú ló ń jẹ́ kí aró mú aṣọ. Ọlọ́ṣẹ ní tirẹ̀ yóò gbé e kaná títí yóò fi ki, yóò da àdín tàbí epo pupa sí i, yóò sì máa rò ó, yóò máa rò ó, títí apá yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Pọtásíọ̀mù ló wà nínú eérú náà, ọṣẹ tí a bá sì fi pọtásíọ̀mù ṣe kì í le. Sódà ló ń mú ọṣẹ le tó fi ṣeé gé ní igun mẹ́rin, tó ṣeé dì, tó ṣeé kó sínú páálí gba orí òkun lọ. Ní 1791, Nicolas Leblanc, ará Faransé, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí a lè gbà yọ sódà jáde lára iyọ̀. Láti ìgbà yẹn ni ilé iṣẹ́ Yúróòpù ti lè ṣe ọṣẹ líle lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀rá ni wọ́n wá ń wá kiri, ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀rá sì wà.

Kí n tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń polówó ọṣẹ máa ń ṣì sọ. Wọ́n á ní èèpo kòkó ni àwọn ìyá ńlá wa ti ń lò láti àtètèkọ́ṣe. Kòkó kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni J.P.L. Davies, oníṣòwò kan ní Èkó, dá oko kòkó tirẹ̀ sí Ìjọ̀n, nítòsí Agége, ó sì tó àwọn ọdún 1890 kí àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ sí gbìn ín. Ọṣẹ ti wà kí kòkó tó dé. Àwọn obìnrin rí èèpo tó ń jẹrà lóko, wọ́n sun ún, wọ́n sì rí i pé eérú rẹ̀ dára fún iṣẹ́ wọn. Èyí wú mi lórí ju ìtàn àtètèkọ́ṣe yẹn lọ, pé wọ́n lè sọ pàǹtírí igi àlejò di ọṣẹ ìdílé. CRIN, ilé ìwádìí kòkó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964 ní Ìdí-Ayùnrẹ́, tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ wọn: àwọn náà fi eérú èèpo kòkó ṣe ọṣẹ.

Ọṣẹ náà rìn jìnnà. Ní Gánà, alata samina ni wọ́n ń pè é lédè Twi. Samina ni ọṣẹ. Alata sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ará apá ọ̀dọ̀ wa, pàápàá àwọn oníṣòwò Yorùbá tó tẹ̀dó sáàárín wọn. Nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò nílùú, ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí di ẹrù wọn padà wálé. Orúkọ wọn kò bá wọn padà. Ó wà lára ọṣẹ níbẹ̀ títí di òní.

Mo padà sórí ọ̀rá tí Yúróòpù ń wá kiri. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Ìlà irin náà gba Akobo kọjá, ibẹ̀ ni apá tí wọ́n ń pè ní Ojúrin níbẹ̀ ti gba orúkọ: ojú irin ni. Epo àti èkùrọ́ ń bá ọkọ̀ náà lọ sí èbúté, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Liverpool. Nítòsí Liverpool ni William Lever, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọṣẹ Sunlight ní 1885, kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ní 1923, ilé iṣẹ́ náà fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n sì ń ṣe ọṣẹ ní Àpápá. Obìnrin tó pa èkùrọ́ tà wá ń fi owó èkùrọ́ ra ọṣẹ tí wọ́n fi àdín ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Unilever Nigeria, orúkọ tí ilé iṣẹ́ náà ń jẹ́ báyìí, kéde pé àwọn ń jáwọ́ nínú OMO, Sunlight àti Lux.

Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, kì í ṣe owó nìkan ló lé ọṣẹ àbùwẹ̀ kúrò ní balùwẹ̀. Ìtìjú wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù sì wà níbẹ̀. Ọṣẹ òyìnbó ń ta sánsán, bébà rẹ̀ ń dán, ẹni tó bá ń lò ó ti lajú. Ọṣẹ dúdú ní tirẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ń gún ewé àti egbò mọ́ fún àwúre àti ìfẹ́ràn, nítorí náà ẹni tí wọ́n bá ká igbá ọṣẹ mọ́ lọ́wọ́ yóò ní àlàyé ṣe, ì báà ṣe ọmọ ìjọ tàbí ọmọ ilé kéú. Ọwọ́ ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ tuntun nìkan ni kò ti kúrò. Ó ń wẹ ọmọ pẹ̀lú ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn, ó ń fi àdín tàbí òrí pa á lára, ó sì ń na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kí oríkèé lè nà.

Òrí yìí kò fìgbà kan kúrò lọ́wọ́ wa bíi ti ọṣẹ. Ibn Battuta, tó rin ìrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Mali ní 1352, ti kọ nípa èso igi kan níbẹ̀ tí wọ́n ń fún òróró rẹ̀, tí wọ́n fi ń se oúnjẹ, tí wọ́n fi ń tan fìtílà, tí wọ́n sì fi ń para. Àwọn onímọ̀ gbà pé òrí ni. Apá Òkè Ògùn ni èyí tó pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin oṣù mẹ́fà de kíkó èso òrí tútù lọ sókè òkun, kí wọ́n lè máa fún un nílé.

Ọjà ọṣẹ àbùwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jí ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí ilé iṣẹ́ Tropical Naturals ní Èkó gbé Dudu-Osun jáde nínú páálí: eérú èèpo kòkó àti ti ìdì ẹyìn, àdín, òrí, oyin àti osùn. Ní Amẹ́ríkà, Olowo-n'djo Tchala, ọmọ Kaboli ní Tógò, dá Alaffia sílẹ̀ láti máa ta òrí àti ọṣẹ dúdú tí àwọn obìnrin Tógò lọ́wọ́ sí. Ní 2016, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fòfin de triclosan àti àwọn èròjà 18 mìíràn nínú ọṣẹ apakòkòrò tí aráàlú ń lò. Àwọn tó ń wá ọṣẹ tí wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ rí ìdí mìíràn níbẹ̀.

Ìrora tèmi wà nínú ọ̀rọ̀ "ọ́gáníìkì" yìí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n pò nínú ilé ni ó mọ́. Àwọn kan ń da ìpara ìbóra mọ́ ọṣẹ dúdú, wọ́n á ní ewé ló ń jẹ́ kí ara máa dán. Ní oṣù kejì ọdún 2023, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, kéde pé ọ̀rọ̀ bíbóra ti di pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè. Ọṣẹ tí eérú rẹ̀ dára, tí a sè jiná, kì í sọ ẹnikẹ́ni di pupa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó tún fi wẹ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ohun tí a fi ń di ọṣẹ náà tún wà níbẹ̀. Ewé ni wọ́n ń dì í sí nígbà kan, ewé náà a sì jẹrà lẹ́yìnkùlé. Ọ̀rá ni Yorùbá ń pe ohun tó ń ṣe ọṣẹ, ọ̀rá kan náà sì ni a ń pe láílọ́ọ̀nù tí a wá fi ń dì í. Àkọ́kọ́ a máa wẹ̀ dànù. Èkejì kì í jẹrà. Nígbà tí àgbàrá òjò 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, tó wó afárá Apẹtẹ, pàǹtírí tó dí ojú omi wà lára ohun tí gbogbo ayé dárúkọ. Ọṣẹ ti padà wálé, ewé kò tíì bá a padà.

Mo ní abọ́ onídèérí kan tí mo máa ń gbé lọ sí ọjà Òjé ní Ìbàdàn. Ìyá ọlọ́ṣẹ máa ń gbà á lọ́wọ́ mi, á wò ó bóyá ó gbẹ, á bu ọṣẹ sí i, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nítorí pé n kò gba ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, á tún bu ènì lé e.