Ọṣẹ Tí Wọn Ò Fi Wẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ta ni nínú wa tí ọṣẹ ò kó sí lójú rí nígbà tí ìyá rẹ̀ ń fi tipátipá wẹ̀ ẹ́? Ọmọdé àti ọṣẹ, bí ológbò àti eku ni. Ibi ìjà yìí gan-an ni ìtàn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1879, iléeṣẹ́ Procter & Gamble ní ìlú Cincinnati, ní Amẹ́ríkà, gbé ọṣẹ funfun kan jáde. Wọ́n sọ ọ́ ní Ivory, ìyẹn eyín erin. Inú Sáàmù 45 ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Nígbà tó yá, wọ́n gba Edward Bernays, ògbólógbòó nínú ìpolówó ọjà. Bernays rò ó pé bí ọmọdé bá kórìíra ọṣẹ, ẹ jẹ́ kó máa fi ṣeré. Ní 1924, wọ́n dá ìdíje ère ọṣẹ sílẹ̀, owó sì wà fún ẹni tó bá gbégbá orókè. Àwọn ilé ìwé sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́. Ó di 1961 kí ìdíje náà tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Iṣẹ́ náà ò gba irinṣẹ́ púpọ̀. Ọṣẹ ò le bí igi, ọ̀bẹ kékeré ti tó. Wọ́n á fa àwòrán sára rẹ̀, wọ́n á wá máa ha á díẹ̀díẹ̀ láti etí. Ẹni tó bá kánjú, ọrùn ẹyẹ á dá mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ha dànù pàápàá, wọ́n lè fi fọṣọ.

Ẹ jẹ́ ká fi wé iṣẹ́ tiwa. Ní 1924 yẹn kan náà, ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ wà níbi àfihàn ńlá kan ní Wembley, ní London. Títí dòní ló wà lọ́wọ́ British Museum. Ère ọṣẹ àwọn ọmọ yẹn ńkọ́? Ọṣẹ lọṣẹ ń jẹ́, omi ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀. Oníṣòwò ní tiẹ̀ ti jèrè.

Ṣé ká wá ní ẹ̀tàn lásán ni? Èmi ò gbà o. Ọjà ni Bernays ń tà lóòótọ́, àmọ́ ọmọ tó fara balẹ̀ ti ọṣẹ kan ṣoṣo, tó mọ ibi tó yẹ kí ọ̀bẹ dúró, ọwọ́ rẹ̀ ti kọ́ ohun tí omi ò lè ṣàn lọ. Àwa tá à ń kọ ewì sórí bébà fọ́tòkọ́pì tí yíǹkì rẹ̀ ń ṣá, ẹ má jẹ́ ká fi wọ́n rẹ́rìn-ín.