Omi Àrọ̀ àti Ìtàn Ohun Tí À Ń Dànù

Ẹni tó bá ti dúró nídìí kòtò ẹja àrọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń pààrọ̀ omi mọ òórùn náà. Omi a ti ki, a máa yọ̀ lọ́wọ́. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ẹja jẹ kù ló jẹrà tó di àmóníà, èyí tó ń pa ẹja. Bí omi kan náà bá wọ ilẹ̀, kòkòrò àìfojúrí á sọ ọ́ di oúnjẹ ewéko.

Ó yẹ kí èyí tètè yé ará Àpòmù àti Ìkirè. Ṣebí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, tí ẹlòmíì ì bá dànù, ni wọ́n fi ń dín dòdò Ìkirè? Aṣéjire kò sì jìnnà, níbi tí wọ́n ti dí odò Ọ̀ṣun kí Ìbàdàn lè romi mu. Èmi ò fẹ́ kí omi àrọ̀ dé ibẹ̀.

Ọgbọ́n sísọ ohun tí à ń dànù di oúnjẹ ti pẹ́. Ní gúúsù Ṣáínà, ìgbẹ́ kòkòrò sẹ́dà ni wọ́n ń dà sí adágún ẹja. Ẹrẹ̀ adágún a sì padà sí ìdí igi tí kòkòrò náà ń jẹ ewé rẹ̀.

Nítòsí wa, Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin ló ṣe é tó hàn gbangba. Ní 1985, Godfrey Nzamujo, àlùfáà Dominican ọmọ Nàìjíríà, dá oko Songhai sílẹ̀ níbẹ̀ lórí hẹ́kítà kan. Ìyàn tó ń jà ní Áfíríkà ló gbé e bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ní Songhai, wọ́n ń kó pàǹtí ẹran sínú àwo fún eṣinṣin. Eṣinṣin a yé sí i, ẹyin a pa, ìdin a sanra láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó di oúnjẹ ẹja. Ìdin lè rí ẹlòmíì lára o, ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹja ló ń gbé ju ìdajì owó ẹni tó ń sin ẹja lọ. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná, omi adágún ń bomi rin ẹ̀fọ́.

Ìfun tí àwọn tó ń yan ẹja ń fà yọ ńkọ́? Ní Finland, láàárín 1920 sí 1930, A. I. Virtanen fi ásíìdì tọ́jú koríko ẹran kó má bàa jẹrà. Àwọn mìíràn ló gbé ọgbọ́n náà lọ sórí ìfun ẹja. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á da ásíìdì díẹ̀ sí i, á yòrò bí ọbẹ̀, á sì pẹ́ fún oṣù púpọ̀ láìbàjẹ́.

Ẹni tí kò lówó ásíìdì lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu páìpù tí omi ẹja ń gbà jáde: kó gbẹ́ kòtò kan tí ẹrẹ̀ á ti rọlẹ̀, kó tó jẹ́ kí omi ṣàn lọ sí ebè tẹ̀tẹ̀.