Eré Nìkan Kọ́ Ló Ń Mú Ọkọ̀ Wọ́n

1. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣebí ọkọ̀ tó bá lè sáré jù ló yẹ kó wọ́n jù? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

2. Ní 1998, McLaren F1 sá eré 386 kìlómítà ní wákàtí kan. 106 péré ni wọ́n ṣe.

3. Ní 2005, Bugatti Veyron dé. Ó kọjá 400, ó yà á sílẹ̀. Àmọ́ 450 ni wọ́n ṣe.

4. Ẹ wá wo ọjà àlòkù o! Ní 2021, wọ́n ta McLaren F1 kan ju mílíọ̀nù 20 dọ́là lọ ní Kalifọ́níà. Owó yẹn á ra Veyron tó ju márùn-ún lọ.

5. Kí ló fà á? Ó ṣọ̀wọ́n. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yí jíà, àárín gbùngbùn ló sì ń jókòó sí.

6. Èmi tí mò ń sáré kí fídíò mi lè kọ́kọ́ jáde, ọ̀rọ̀ yìí bá mi wí. Ẹlòmíì á ṣáà yára jù mí lọ lọ́la.